Orúkọ, Ọjọ́ Orí, Abúlé

Paris, 14 Oṣù Kẹwàá, 1935

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ sì kú ìpalẹ̀mọ́ òtútù. Mo mọ̀ pé ẹ ó ti sọ fún gbogbo abúlé Chaumereuil pé Paris ti gbé ọmọ yín mì, torí láti oṣù karùn-ún ni mo ti kọ̀wé sí yín gbẹ̀yìn. Kò gbé mi mì o. Iṣẹ́ ló bò mí mọ́lẹ̀. Ìwé ìwádìí tí mo gbọ́dọ̀ kọ kí wọ́n tó lè fi mí ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ti wọ ọdún kẹfà báyìí, ojú mi sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ sínú ìwé àtijọ́.

Ẹ bi mí nígbà kan pé kí ni mò ń wá gan-an. Ohun tí mò ń wá nìyí: báwo ni àwa Faransé ṣe ń sọ ọ́, láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún wá, pé ẹnì kan ṣe nǹkan sí ẹnì kejì, tí ẹnì kejì náà sì ṣe é padà fún un? Pé wọ́n fẹ́ràn ara wọn, pé wọ́n lu ara wọn. Láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ kékeré kan, entre, ìyẹn "láàárín", ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ iwájú ọ̀rọ̀. Kò sí ohun tí wọn kì í lẹ̀ ẹ́ mọ́: ìfẹnukonu, ìkíni, èébú, ẹ̀ṣẹ́. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. "Ọ̀kan, èkejì" gba ipò rẹ̀, àwọn agbẹjọ́rò àti àwọn fadá sì tún kó ọ̀rọ̀ gígùn-gígùn wá láti inú èdè Látìn. Lónìí, ọ̀rọ̀ tó ṣì gbé entre lórí kò tó nǹkan mọ́. Ìrànlọ́wọ́ wà lára wọn. Ìpànìyàn náà wà lára wọn.

Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa lọ́hùn-ún, àwọn àgbà ṣì ń lò ó bí ẹni ń lo ṣíbí. Mo rántí rẹ̀ lẹ́nu Ìyá Garnaud. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ́tí sílẹ̀ ní ibi ìfọṣọ. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ kọ gbólóhùn náà sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu, ẹ má bá wọn tún un ṣe. Kí ẹ wá kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, àti abúlé rẹ̀. Nínú iṣẹ́ tiwa, gbólóhùn tí kò ní ẹni tó ni ín, ọmọ àlè ni.

Ọmọ yín,
Anselme

Chaumereuil, 3 Oṣù Kọkànlá, 1935

Anselme ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé ò ń jẹun? Ṣé yàrá yẹn ṣì ń jò? Oṣù márùn-ún láìkọ̀wé, ọjọ́ tí o sì máa kọ ọ́, iṣẹ́ lo fi rán mi. Ó dáa náà. Ẹni tó bímọ sí Paris, kó máa dúpẹ́ pé wọ́n rántí rán òun níṣẹ́.

Ara mi le, àyàfi eékún. Koríko ọdún yìí wọlé láìrí òjò. Ilé mẹ́fà ló wá bá mi gé e, bí wọ́n ti ń ṣe láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú. Bàbá Garnaud ló ń kó wọn jọ, òun ló ń dá ọjọ́ fún wọn. Èmi náà ń bá wọn wa ọ̀dùnkún, mo sì ń bá wọn fọ ìfun ẹlẹ́dẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí kì í bá ṣe tiwọn, èmi opó kan kò lè bọ́ màlúù mẹ́rin já ìgbà òtútù, ibi tí màlúù bá sì gbà lọ ni ilé máa ń tẹ̀ lé. Máa rántí ìyẹn nígbà tí o bá wà láàárín àwọn ìwé rẹ.

Gbólóhùn tí o ní kí n wá nìyí:

"Àwọn ọmọ Moreau fi bàtà onígi lu ara wọn níwájú ṣọ́ọ̀ṣì." Eulalie Bizot, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin.

"Ajá àti ológbò wa ń lá ara wọn lójú." Obìnrin àgbà kan.

Ìyá Garnaud ní kí n kí ọ dáadáa. Ó ní ṣé o ṣì máa ń gbé ojú sókè bó o bá ń jẹun bí ìgbà tí òun ń fún ọ lọ́mú. Mo fi asálà ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Má kó gbogbo rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ.

Ìyá rẹ,
Léonie

Paris, 12 Oṣù Kọkànlá, 1935

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ ṣeun, asálà náà dùn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, "obìnrin àgbà kan", ta ni ìyẹn? Mo ní orúkọ, ọjọ́ orí, abúlé. Tí mo bá gbé irú ẹ̀ síwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, wọn á ní mo jókòó sí yàrá mi hun ún ni.

Ẹ má sì bínú, ajá àti ológbò yẹn kò wúlò fún mi. Mo ti ní irú rẹ̀ bí igba. Ohun tí èèyàn ń sọ láti fi pa àkókò kọ́ ni mò ń wá, ohun tó ń dùn wọ́n ni. Bí inú èèyàn bá ń dùn, ó máa ń sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ilé ìwé. Bó bá ń ké ni ọ̀rọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ máa ń jáde. Ẹ ti gbé Chaumereuil fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ṣé ẹ fẹ́ sọ fún mi pé ẹnikẹ́ni ò tíì ké níbẹ̀ rí?

Ọmọ yín,
Anselme

Chaumereuil, 9 Oṣù Kìíní, 1936

Anselme,

Ọdún á yabo o. O ò wá sílé fún Kérésìmesì, o ò sì sọ pé o ò ní wá. Mo se ẹran ẹlẹ́dẹ̀, mo tẹ́ àwo méjì, èmi àti àwo kejì la jọ wo ara wa.

Ó ti lé lóṣù kan tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ kan kiri inú. Ǹ bá má kọ ọ́. Ṣùgbọ́n o ní tí mi ò bá rán èyí tó ń dunni, mi ò rán nǹkan kan.

O mọ̀ pé o jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́ta nígbà tí mo lọ sí Paris lọ fún ọmọ agbẹjọ́rò yẹn lọ́mú, bí gbogbo obìnrin ibí ti ń lọ nígbà náà. Ibẹ̀ náà ni ìyá ọmọ yẹn ti kọ́ mi ní ìwé tí mò ń kọ sí ọ yìí. Ọ̀dọ̀ Ìyá Garnaud ni mo fi ọ́ sí. Ó bí Firmin ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí mo bí ọ. Oṣooṣù ni mò ń fowó ránṣẹ́ sí i, owó yẹn ló sì fi ń ra búrẹ́dì fún àwọn mẹ́ta tó bí ṣáájú. Firmin kú kó tó pé ọmọ ọdún kan. Gbogbo obìnrin abúlé ló wá kí i: omi ló dànù, agbè ò fọ́. Títí di òní, ọkọ rẹ̀, Bàbá Garnaud, gbà pé ibà ló pa ọmọ náà.

Ọdún tí mo padà dé, èmi àti ẹ̀ la jọ ń ṣa ẹ̀wà, ló bá sọ ọ́, láìgbé ojú sókè:

"Wọ́n ń já ọmú gbà lẹ́nu ara wọn, Léonie. Ọmú ò tó méjì. Mo jẹ́ kí tìrẹ borí."

Bó ṣe lẹ ọ̀rọ̀ kékeré rẹ yẹn mọ́ ọn níwájú nìyẹn. Mi ò gbàgbé, mi ò sì lè gbàgbé láéláé. Sidonie Garnaud, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, Chaumereuil.

Ojú rẹ nìkan ni mo kọ ọ́ fún o. Tí o bá ti wo ohun tí o fẹ́ wò lára rẹ̀, sun lẹ́tà yìí. Ẹyin lohùn.

Ìyá rẹ

Paris, 15 Oṣù Kìíní, 1936

Màmá!

Ẹ ò mọ ohun tí ẹ ṣe fún mi! Mo fò sókè lórí àga. Ọ̀rọ̀ yẹn, pẹ̀lú entre lórí rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ti rí i, nínú ìwé ìdájọ́ kan tó ti lé ní irínwó ọdún. Gbogbo àwọn ọ̀gá mi ló gbà pé ó ti kú látìgbà náà. Kò kú o! Ó wà láàyè, ní ibi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà, lẹ́nu obìnrin tí kò lọ sílé ìwé. Orí kẹrin ìwé mi ti dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ báyìí.

Ní ti orúkọ, ẹ má ṣèyọnu. Ta ló fẹ́ ka ìwé mi? Ọ̀jọ̀gbọ́n márùn-ún, méjì nínú wọn á sì ti sùn kí wọ́n tó dé orí kẹrin.

Ọmọ yín tó ń dúpẹ́,
Anselme

Chaumereuil, 2 Oṣù Kẹrin, 1936

Anselme,

Ó ti ń lọ sí oṣù mẹ́ta. Ṣé o sun lẹ́tà yẹn?

Nígbà tí o kọ̀wé, o fò sókè lórí àga. O ò sọ nǹkan kan nípa Firmin. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta, mo ní bóyá mo fo ojú ìlà kan ni. Ọmọ kan kú kí o lè yè, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ lo gbádùn.

Dá mi lóhùn. Ṣé o sun ún?

Léonie

Paris, 26 Oṣù Karùn-ún, 1936

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ foríjì mí, ilé ìtẹ̀wé ni mò ń sùn, ibẹ̀ ni mò ń jí. Ìwé ti jáde! Ojú ìwé irínwó ó lé mẹ́wàá. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ni mo máa dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti gbèjà rẹ̀.

Mo ti ṣe ohun kan tó máa múnú yín dùn. Mo fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Ọ̀gbẹ́ni Thévenot, tíṣà abúlé, pé kó kà á fún àwọn èèyàn wa. Ó tó kí Chaumereuil náà rí orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wọ aṣọ dúdú yín tó dáa o, ẹ jókòó sí iwájú.

Anselme

Chaumereuil, 9 Oṣù Kẹfà, 1936

Anselme,

Mo wọ aṣọ dúdú mi. Mo jókòó sí iwájú.

Lẹ́yìn Máàsì ọjọ́ Ìsinmi ni. Olórí abúlé gbé wáìnì kalẹ̀, gbogbo èèyàn wà nínú gbọ̀ngàn, títí kan àwọn tí kì í kí ara wọn. Thévenot gun orí àga, ó ní òun ò ní ka gbogbo rẹ̀, gbólóhùn tiwa nìkan lòun máa mú. Ó ka ti Eulalie Bizot, orúkọ, ọjọ́ orí, abúlé. Eulalie pariwo, "Èmi mà nìyẹn! Mo ti di ìwé!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn ọmọ Moreau dìde, wọ́n tẹrí ba. Inú mi dùn, Anselme. Mi ò ní parọ́ fún ọ. Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ó wá ṣí ibi kan, ó ní, "Sidonie Garnaud, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, Chaumereuil." Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Ó ka gbólóhùn náà sókè ketekete. Kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò tẹ́lẹ̀, ọ̀dẹ̀ náà. Ó kà á tán kó tó mọ ohun tó jáde lẹ́nu òun. O sì ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọmọ tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ti kú, kí àwọn ará Paris má baà ṣì í lóye!

Bàbá Garnaud ní, "Tún un kà."

Thévenot ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká..."

"Mo ní kí o tún un kà!"

Ó tún un kà. Bàbá Garnaud dé fìlà rẹ̀, ó jáde. Sidonie ò mira. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Léonie. Èmi lo ṣe báyìí fún?" Eulalie ló dáhùn fún mi, ó ní, "Ṣé ẹ rí i? A rò pé aṣọ ló ń fọ̀, àṣé àwa ló ń sá sórí okùn!"

Mo mọ ẹ̀bi mi. Èmi ni mo sọ ọ́, mo sì máa jẹ ẹ́ dọ́jọ́ ikú. Ṣùgbọ́n koríko ti ga dé eékún, ọjọ́ kẹrìnlélógún ló yẹ kí wọ́n wá gé e, Bàbá Garnaud ló sì ń kó wọn jọ. Wá sílé. Wá dúró níwájú ọkùnrin yẹn, kí o sọ pé ìwọ lo hun gbólóhùn náà, pé o purọ́ mọ́ ìyàwó rẹ̀ nítorí ìwé. Ọjọ́ kan péré ni. Mo bẹ̀ ọ́.

Ìyá rẹ

Paris, 14 Oṣù Kẹfà, 1936

Màmá,

Ó dùn mí pé tíṣà yẹn ò ní làákàyè. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ní kí n ṣe yẹn, mi ò lè ṣe é. Tí mo bá sọ lẹ́nu ara mi pé irọ́ ni gbólóhùn kan nínú ìwé mi, tí ó dé Paris, ọdún mẹ́fà mi ti wọ igbó. Ọjọ́ mẹ́tàlá ló kù kí n gbèjà ìwé náà.

Ẹ má sì jẹ́ ká tan ara wa. Mo ní kí ẹ kọ ohun tí wọ́n ń sọ ní ibi ìfọṣọ. Mi ò ní kí ẹ lọ hú òkú ọmọ jáde. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, pẹ̀lú ọwọ́ yín, pẹ̀lú orúkọ, pẹ̀lú ọjọ́ orí. Àti pé, ẹni tó lè fi ọmọ oṣù mẹ́ta sílẹ̀ lọ fún ọmọ ọlọ́mọ lọ́mú, kò yẹ kó máa kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń wá sílé.

Inú wọn á rọ̀. Tí wọ́n bá ń bú yín, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe jáde. Ìbínú ni ọ̀rọ̀ àtijọ́ máa ń bá jáde.

Anselme

Chaumereuil, 15 Oṣù Keje, 1936

Anselme,

Ẹnikẹ́ni ò wá.

Mo dúró de ọjọ́ kẹrìnlélógún, mo se ọbẹ̀ èèyàn mẹ́rìnlá. Nígbà tó di ọ̀sán, mo mú dòjé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé e fúnra mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gé ìdá kan nínú mẹ́rin. Mo lọ kan ilẹ̀kùn wọn, ilé kan tẹ̀ lé ilé kan. Eulalie ní, "Wọlé o, àmọ́ fi gègé rẹ sílẹ̀ níta." Ní ibi ìfọṣọ, bí mo bá ti yọ, wọ́n á ní, "Ẹ dákẹ́, akọ̀wé ti dé." Àwọn ọmọ Moreau tí mo bá ìyá wọn gbẹ̀bí, wọ́n ní kí n lọ pe ìwé wá bá mi gé koríko. Mo kọ ọ́ bó ṣe jáde. Ṣé ó dáa tó?

Bàbá Garnaud ti kó lọ sùn sí ilé màlúù. Kò bá Sidonie sọ̀rọ̀ mọ́. Ọdún mọ́kànlélógójì ni wọ́n ti fẹ́ ara wọn.

Ọjọ́ kẹrin ni òjò dé. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi rọ̀ sórí koríko náà. Ó dúdú, ó ń rùn. Sidonie wá dúró lẹ́bàá ọgbà, mo rò pé ó wá bá mi kó èyí tó kù. Mo sáré lọ bá a. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo ní, "Sidonie, bá mi bẹ ọkọ rẹ, màlúù mi máa kú."

Ó ní, "Mo ti gbé tèmi fún ọ lẹ́ẹ̀kan, Léonie. Kò sí èyí tó kù." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ọmú tí o sọ, mo gbọ́ ọ. Òrùlé tó bò ọ́ títí o fi dàgbà, ọmú yẹn ló kọ́ ọ. Ilé ìwé tó o lọ, ọmú yẹn ni. Fún oṣù mẹ́rìnlá, kò sí òru kan tí wàrà ò já sí mi láṣọ bí mo bá gbọ́ igbe ọmọ yẹn, tí mo sì ń rò pé ìwọ ni. Mi ò sọ fún ọ rí, torí mi ò fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n lára. Mo ti wá rí i pé bí mo tilẹ̀ sọ ọ́, o ò ní mọ̀ ọ́n lára náà.

Léonie

Paris, 22 Oṣù Keje, 1936

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo yege! Wọ́n fún mi ní oyè tó ga jù lọ, yunifásítì kan sì ti ní kí n wá máa kọ́ni láti oṣù kẹwàá. Alága àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ka gbólóhùn Ìyá Garnaud sókè fúnra rẹ̀, ó ní ó tó ìwé odidi kan. Ẹ sọ fún un, bóyá á tù ú nínú.

Ọ̀rọ̀ koríko yẹn ò dáa rárá. Ẹ ta màlúù kan ná, mo máa wá ní Kérésìmesì ká jọ sọ ọ́. Àwọn tó tẹ ìwé náà fẹ́ tún un tẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbólóhùn kan ṣoṣo sí i fún mi, èyí tó lágbára bíi ti ìṣáájú.

Ọmọ yín, Ọ̀jọ̀gbọ́n!
Anselme

Chaumereuil, 30 Oṣù Kẹjọ, 1936

Ọ̀jọ̀gbọ́n Anselme Perrodin,

Ẹ kú oríire.

Mo ti ta màlúù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí wọ́n ṣe ń dà wọ́n lọ, kò sí ẹni tó jáde sẹ́nu ọ̀nà wò wọ́n. Ilé náà ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àwọn sísítà ìjọ Àgùdà kan ní ìlú Autun gbà mí pé kí n wá máa fọṣọ fún wọn, lọ́la ni mò ń lọ. Mi ò ní kọ orúkọ ilé wọn síbí. Ẹ má wá mi ní Kérésìmesì.

Ẹ ní kí n wá gbólóhùn kan sí i. Èmi ni mo sọ ọ́, ní ibi ìfọṣọ, lánàá, nígbà tí mo lọ kó ìwọ̀nba aṣọ mi. Ọ̀rọ̀ kékeré yín wà níwájú rẹ̀ dáadáa. Gbogbo wọn ló gbọ́ ọ, Sidonie náà gbọ́ ọ, kò sì sí ẹni tó ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀.

"Èmi àti ọmọ mi ti jẹ ara wa tán."

Ẹ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà. Mi ò gbàgbé òfin iṣẹ́ yín.

Orúkọ: Léonie Perrodin.
Ọjọ́ orí: ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta.
Abúlé: kò ní.